Búrẹ́dì Tí Rosenda Jẹ Lórí Ìdúró

Don Meliton ṣubú ní àgbàlá Doña Macedonia pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Kùrukùru tó bo San Onofre láàárọ̀ ọjọ́ náà nípọn débi pé àwọn tó jókòó tì í gan-an ò rí i nígbà tó ń lọ sílẹ̀. Wọ́n kàn gbọ́ tí ife dún lórí òkúta, wọ́n gbọ́ nǹkan ńlá tó tẹ̀lé e, ohùn ẹnì kan sì jáde láti inú funfun yẹn pé, "Ta nìyẹn? Ta ló jábọ́?"

Don Eulogio Barrientos wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fúnra rẹ̀, ọkùnrin tí àwọn olè kọfí orí òkè yẹn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, jókòó sórí àpótí bíi ti gbogbo ará yòókù, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tirẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ò béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe kó tó mú un. Láràárọ̀ ni àwọn tó ní in nílùú máa ń wá jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Doña Macedonia láti mu omi ewé guarumbo, igi gíga ẹ̀bá ọ̀nà tí ewé rẹ̀ dà bí àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n là sílẹ̀. Inú ìkòkò kan náà ni ìyá àgbà yẹn ti máa ń bù ú fún gbogbo wọn.

Kí wọ́n tó gbé Don Meliton dé ilé ìwòsàn, ìlú ti dájọ́ tán. "Ìyá arúgbó ti já ewé mìíràn mọ́ ọn." "Ojú rẹ̀ ti ń ṣú." "Mo ti sọ tẹ́lẹ̀!" Ẹni tó ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ yẹn, ife méjì ló máa ń mu. Ọlọ́pàá ìlú, tí ẹ̀rù èrò ń bà ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ, mú Doña Macedonia lọ sí àhámọ́, ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Irasema dúró ti ibùsùn, ó ń fi eyín jẹ ètè. Ọ̀dọ́bìnrin tí ìjọba rán wá láti ìlú ńlá ni, kò tíì pé ọdún méjì láàárín wọn.

"Ṣúgà ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ pátápátá, Don Eulogio. Mo fi dírípù oníṣúgà sí i lára, ó lajú, ó tiẹ̀ pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Kí n tó sọ pé ọpẹ́ ni, ó tún ti lọ."

"Ṣé tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ewé yẹn máa ń fa ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a mọ ìyẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kó gbé odindi ọkùnrin ṣubú, kó tún padà wá gbé e lẹ́ẹ̀kejì? Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ ewé olóró ló mu, oògùn kan wà tó yẹ kí n ti fún un. Bí kì í bá sì ṣe ewé olóró, oògùn yẹn fúnra rẹ̀ lè pa á. Òkè ti ya lulẹ̀ dí títì, mi ò lè gbé e lọ síbì kankan." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ bá mi wádìí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n kílẹ̀ tó ṣú, ó máa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ṣé kò gbé oògùn ilé ìwòsàn kankan mì?" ni Don Eulogio béèrè.

Doña Fidencia, ìyàwó Don Meliton, ló dáhùn láti ìdí ibùsùn. Àná ni obìnrin náà ti Huejutla dé, níbi tó ti lọ ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Kò tiẹ̀ tíì tú ẹrù rẹ̀ tán.

"Hóró oògùn? Ọkọ mi? Ẹ bi gbogbo ìlú wò. Kó gbé hóró oògùn mì, á kúkú gbé òkúta mì."

Òótọ́ ni. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ? Ọjọ́ ọjà wo ni Don Meliton kì í dúró ní gbàgede, kó fọwọ́ lu àyà, kó máa pariwo pé, "Ewé ni! Ewé lásán! Kí dókítà máa fi hóró oògùn rẹ̀ bọ́ adìẹ!" Ara rẹ̀ sì ń dán, kò sí ẹni tó lè já a nírọ́.

Don Eulogio ní ìwà kan tó máa ń bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú: bí ọ̀rọ̀ bá ti le, á dijú. Wọ́n á ní oorun ló ń sùn. Bóyá oorun náà ni lóòótọ́. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó dijú, kùrukùru ń fọwọ́ tútù kàn án lójú, ó sì ń ronú pé ìkòkò kan náà ni òun àti Meliton mu, òun sì wà lórí ìdúró.

*

Doña Macedonia jókòó sórí pákó àhámọ́, ó fi ṣọ́ọ̀lì borí.

"Màmá, kí lẹ fi síkòkò lónìí?"

"Ohun tí mo fi sí i lánàá. Ohun tí ìwọ náà mu. Ṣé o ti kú ni?"

"Ó dà bíi pé mi ò tíì kú."

"Kí lo wá ń bi mí léèrè?"

Don Eulogio rẹ́rìn-ín. Ó ti da ìkòkò náà sórí tábìlì ọlọ́pàá, ó ti tẹ́ ewé inú rẹ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sá aṣọ. Guarumbo ni gbogbo wọn, láti orí dé ìsàlẹ̀. "Ewé yín ò ní àléébù, màmá. Ìyẹn ti yanjú."

"Kò yanjú." Ìyá àgbà náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé ó máa kú?"

"Dókítà ò tíì mọ̀."

"Bó bá kú, ẹ máa gbé mi lọ sí Pachuca lọ rojọ́. Mi ò bẹ̀rù Pachuca, Eulogio. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ni lóòótọ́." Àánú rẹ̀ ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó bọ́ síta.

Ó padà sí àgbàlá náà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́, àfi àwọn àpótí tí wọ́n fi sílẹ̀ káàkiri. Ó lóṣòó sídìí ibi tí ife Don Meliton fọ́ sí. Kùrukùru dì mọ́ ilẹ̀ yí i ká, ó wá dà bíi pé inú àlá ló wà, pé ẹlòmíràn ló ń lo ojú rẹ̀. Ó rí i tí ilẹ̀ ń rìn. Ó tẹjú mọ́ ọn. Èèrà ni.

*

Prudencio Olmedo ni ẹni tí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ó gbé ife fún Don Meliton. Ẹ̀tù inú ìgò lọkùnrin yìí ń tà lẹ́nu bọ́ọ̀sì, èyí tó ní ó ń wo ṣúgà, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó tún ń dá irun padà sórí apárí. Orí òun fúnra rẹ̀ ń dán gbinrin. Láti ìgbà tí Don Meliton ti ń polówó Doña Macedonia lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò ra ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ ò rí i pé ó ní ìdí.

"O fọwọ́ kan ife rẹ̀," ni Don Eulogio wí.

"Mo gbé e fún àgbàlagbà ni, ọ̀gá. Ilé ire ni wọ́n ti kọ́ mi."

"Kí lo dà sínú rẹ̀?"

"Mo fi ìyá mi búra—"

"Fi ìyá rẹ sílẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù láyé, wọ́n ní kí n má jẹ ẹ́. Tíì yẹn ni mò ń mu dípò rẹ̀. Mo máa ń da ìyókù rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀. Èèrà kan ò bojú wò ó rí, nítorí ó korò bí ìpín ọ̀tá mi. Lónìí, gbogbo ìdílé èèrà ló wà nídìí ti Meliton, tọkọtaya, tọmọtọmọ. Ṣúgà lo fi sí i, Prudencio."

Prudencio ṣubú sórí àga. "Ṣúgà lásán ni, ọ̀gá! Wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Mo fẹ́ kí iye rẹ̀ gòkè, kí gbogbo ayé rí i pé irọ́ ni ewé yẹn. Ṣúgà ò lè gbé èèyàn ṣubú bẹ́ẹ̀ yẹn, àbí ó lè ṣe é? Ọlọ́run, ṣé mo ti pààyàn ni?"

Don Eulogio wò ó títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú omi jáde lójú rẹ̀. "Òmùgọ̀ ni ọ́. Ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ o. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìwà ìkà rẹ ló fi ẹ̀mí díẹ̀ sí i lára dé ilé ìwòsàn. Bọ́ sóde kí n má rí ọ."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn padé. Ọ̀sán ti pọ́n, ohun tó wà nínú Don Meliton ò sì tíì jáde sí gbangba.

*

Ó yà sí ọ̀dọ̀ Don Tacho oníbúrẹ́dì. Òórùn ààrò ló mú un débẹ̀, kò rí ẹnu ọ̀nà.

"Don Tacho, ẹ fún mi ní bolíyò kan. Doña Macedonia ti jáyà jù, mi ò fẹ́ kí ìjáyà yẹn di ṣúgà sí i lára."

Kò sí ẹni tó ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ní San Onofre. Bí nǹkan bá já ọ láyà, wéré ni wàá wá bolíyò, búrẹ́dì kékeré eléèpo líle yẹn, wàá jẹ ẹ́ ní gbígbẹ, láìfi nǹkan kan tì í, kí ìjáyà má baà wọ ẹ̀jẹ̀ lọ di ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà Irasema máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ilẹ̀ mì, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n bá bolíyò lọ́wọ́ òun náà.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì lónìí nìyí tí mo máa tà fún ìjáyà," ni Don Tacho wí, ó ń wé e. "Rosenda, ọmọ Don Meliton, ló ra àkọ́kọ́. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn náà ló dúró sí. Mo gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ń já a jẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. Pẹ̀lú oyún nínú! Mo ní, 'Ọmọ mi, kí ló dé?' Kò dá mi lóhùn."

"Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣubú, kí lẹ fẹ́ kó sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Don Tacho dúró. Ó họ orí. "Ẹ dúró ná. Bàbá rẹ̀ ò tíì ṣubú nígbà yẹn. Ó ti lọ, mo ń gbá èérún rẹ̀ nílẹ̀ lọ́wọ́, kí n tó gbọ́ ariwo láti àgbàlá Macedonia. Mo rántí dáadáa, tèmi ti ìgbálẹ̀ la jọ sáré débẹ̀."

Ọwọ́ Don Eulogio dúró lórí búrẹ́dì. Ta ló ń jẹ búrẹ́dì ìjáyà kí ìròyìn tó dé?

*

Rosenda jókòó sídìí ààrò ní ilé bàbá rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé ikùn. Kò ju ọmọdébìnrin lọ lójú Don Eulogio. Òun ló gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún un.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá ìsàmì mi. Ṣé bàbá mi ti—"

"Kò tíì. Rosenda, kí ló já ọ láyà láàárọ̀?"

"Wọ́n ní bàbá mi ṣubú, ẹ tún ń béèrè?"

"Kí wọ́n tó sọ ọ́ fún ọ ni mò ń wí."

Iná ta pàrà nínú ààrò. "Ebi ló ń pa mí. Aboyún ni mí."

"Ebi, kẹ̀? Támálè àgbàdo wà nínú ìkòkò yẹn, láti ìta ni mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Aboyún tí ebi ń pa fi támálè gbígbóná sílẹ̀ nílé, ó gba inú kùrukùru lọ ra búrẹ́dì gbígbẹ, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ń sunkún sí i. Ọmọ mi, ìyá tèmi náà máa ń jẹ irú búrẹ́dì yẹn. O ti mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí Meliton. Báwo lo ṣe mọ̀?"

Rosenda ò lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró mọ́.

"Èmi ni! Èmi ni mo máa ń lọ oògùn dókítà, hóró méjì, mo máa ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ àgbàdo tó ń mu láàárọ̀. Á gbà á nílé ìwòsàn, á ní kí n dà á fún adìẹ. Mo máa ń sọ pé mo ti dà á. Kí ni kí n ṣe, bàbá? Nígbà tí màmá mi lọ Huejutla, ara rẹ̀ ò yá mọ́ rárá. Ó ń tọ̀ ṣáá, ojú rẹ̀ ń ṣú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ bí ẹni jẹ iyọ̀. Mo rò pé àárò màmá ni. Ṣé kí n káwọ́ gbera kí n máa wò ó ni?"

"Láti ìgbà yẹn lo ti ń fi sí i?"

"Láti ìgbà yẹn. Ara rẹ̀ sì yá. Ó ń yin ewé, mo ní kó máa yìn ín."

"Ó ń mu tíì náà pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì ṣubú rí?"

"Kò ṣubú rí."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òní?"

Rosenda ki igi kan bọ inú ààrò.

"Kí lo rí láàárọ̀ yìí lẹ́yìn tó jáde?"

Ojú rẹ̀ ṣáà yà sọ́dọ̀ iná, ó tún yára kúrò níbẹ̀. Don Eulogio bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú ààrò. Etí páálí oògùn kékeré kan ló kù nínú eérú.

"O ti jó o."

"Mo ti jó o."

Don Eulogio jókòó sórí àpótí, ó dijú. Kùrukùru ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó ń rìn lórí ilẹ̀ ilé ìdáná bí ológbò, èéfín ààrò sì ń lọ pàdé rẹ̀. Níbi tí àwọn méjèèjì ti ń dàpọ̀ ni ọkàn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ fara tì. Ọmọ yìí ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ tán. Kò ní nǹkan tirẹ̀ tó ń fi pamọ́ mọ́. Ta ló wá ń jó páálí fún? Ìyá lọ, ara bàbá bà jẹ́. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ara bàbá yá. Bẹ́ẹ̀ ara ọkùnrin yìí ti ń yá tẹ́lẹ̀ kí ìyá tó lọ, gbogbo ọdún tó kọjá ló fi ń pariwo ní gbàgede. Ìyá padà dé lánàá. Lónìí, bàbá wà nílẹ̀.

Ó lajú. Ó ń dùn ún, nítorí ó fẹ́ràn gbogbo wọn.

"Dìde, ọmọ mi. Jẹ́ ká lọ bá bàbá rẹ."

*

Don Meliton ṣì wà bó ṣe wà, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, òógùn bò ó lórí. Doña Fidencia di ọwọ́ rẹ̀ mú. Don Eulogio ò jókòó.

"Dókítà, ó ti tán. Rosenda ti jẹ́wọ́. Hóró oògùn yín, méjì, ló ń lọ̀ sínú ẹ̀kọ bàbá rẹ̀ láràárọ̀. Ó fi sí i lónìí náà. Mo máa mú un lọ, wọ́n á tú ìyá àgbà sílẹ̀."

"Méjì?" Dókítà Irasema kọjú sí i. "Méjì ni mo kọ fún un. Méjì ò—"

"Ẹ̀kọ wo?" Doña Fidencia ti dìde. "Ẹ̀kọ tòní? Èmi ni mo bu ẹ̀kọ tòní!"

"Màmá, ẹ dákẹ́!" ni Rosenda ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀!"

"Mi ò ní dákẹ́! Ọmọ mi nìyẹn, olóyún ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo lọ oògùn sí i nígbà tí Rosenda wà lọ́dọ̀ àwọn adìẹ. Èmi ni mo ti ń lọ̀ ọ́ sí i láti ọdún tó kọjá, títí mo fi lọ Huejutla. Èyí tó bá ní kí n dà fún adìẹ ni mo máa ń kó pamọ́. Òun ò mọ nǹkan kan, ó kàn fẹ́ gbà mí sílẹ̀ ni, ó..." Ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Rosenda. Ìwọ náà?"

Rosenda ń sunkún. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo fẹ́ ká ṣọ́ọ̀lì yín," ló wá wí. "Páálí oògùn kan jábọ́ nínú rẹ̀, ihò hóró méjì tuntun lójú rẹ̀. Ó ti mu ẹ̀kọ tán nígbà yẹn, ó ti jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e, mi ò rí i nínú kùrukùru, mi ò tiẹ̀ rí ọ̀nà."

Ìyá àti ọmọ wo ara wọn bí ẹni tó ń rí ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Mẹ́rin nìyẹn!" Dókítà ti ń tú páálí dírípù mìíràn. "Ilọ́po méjì ohun tó yẹ kó lò, pẹ̀lú ewé, láìjẹun gidi! Kì í ṣe ewé olóró rárá. Oògùn yìí kì í tètè jáde lára, títí dọ̀la ló máa fi máa fà á sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń jí tó tún ń lọ. Dírípù ò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀." Ó kọjú sí Doña Fidencia. "A bi yín léèrè láàárọ̀. A bi yín!"

"Ọdún kan ni mo fi ń fún un, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo ní tíì ni. Mo ṣáà ń sọ fún ara mi pé tíì ni." Ó bo ojú. "Bó bá jí tó gbọ́, kò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́ láyé. Àìsàn yẹn á wá pa á."

*

Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kùrukùru ò tíì lọ. Ojú fèrèsé funfun bí wàrà. Don Eulogio fúnra rẹ̀ ló lọ mú Doña Macedonia jáde ní àhámọ́, ìyá àgbà náà ò sì gbà kí wọ́n mú òun relé kí òun tó fojú rí i pé ọkùnrin náà wà láàyè. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá náà.

Doña Fidencia ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Meliton, má bínú. Èmi àti ọmọ rẹ—"

"Mo mọ̀," ni Don Meliton wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Kí lo mọ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ó ti pẹ́. Funfun rẹ̀ máa ń sùn sí ìdí ife. Mo máa ń fi ìka nù ún, mo máa ń lá a." Ó gbé itọ́ mì. "Nígbà tó o lọ Huejutla, tí ìdí ife mọ́, ẹ̀rù bà mí. Ọjọ́ tí Rosenda bẹ̀rẹ̀, mo sùn dáadáa."

"Àná ńkọ́?"

"Ti àná pọ̀. Mo rí i. Mo ní àárò mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Doña Macedonia rìn wọlé títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀, màmá."

"O mọ̀, o sì ń dúró ní gbàgede, ò ń pariwo pé ewé mi nìkan ni."

"Ojú ló ń tì mí. Ọkùnrin bíi tèmi, kí n máa gbé hóró oògùn mì, kí wọ́n máa wò mí bí aláìsàn..."

"Ceferino gbọ́ ọ." Ìyá àgbà náà ò gbé ohùn sókè rárá. "Ceferino kápẹ́ńtà dúró níbẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó da oògùn tirẹ̀ sódò. Ó wá bá mi, ó ní, 'Ẹ bù fún mi bí ẹ ṣe ń bù fún Meliton.' Mo bù fún un. Mò ń bù fún un títí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sunkún títí, Meliton. Mo bi ewé léèrè pé kí ló dé tó fẹ́ràn rẹ tí kò fẹ́ràn Ceferino."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Don Eulogio, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú olè àti apànìyàn, wo inú yàrá náà títí, kò rí ẹni tí òfin lè mú níbẹ̀.

"Màmá," ni Dókítà Irasema wí jẹ́jẹ́, "ewé yín ń ṣiṣẹ́ o. Ó wà lára ohun tó gbé e ṣubú. Kò kàn tíì sí ẹni tó mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó ni."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́," ni Doña Macedonia wí. "Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Don Meliton gbìyànjú láti dìde. "Ẹ tú nǹkan yìí kúrò lára mi. Mo fẹ́ lọ bá Ceferino."

"Ẹ ò ní lọ síbì kankan," ni dókítà wí.

"Ẹ bá mi pè é wá, nígbà náà."

Rosenda ló jáde lọ. Wọ́n dúró. Omi dírípù ṣáà ń kán. Nígbà tó yá, láti inú funfun òde, wọ́n gbọ́ tí igi ń ró lórí òkúta, ọ̀pá méjì, tí wọ́n ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àti ohùn Rosenda tó ń sọ fún ẹnì kan pé kó rọra, àtẹ̀gùn ti kù díẹ̀. Don Meliton ní kí ìyàwó òun gbé ìrọ̀rí sókè, kí òun lè wà lórí ìjókòó kí ọkùnrin náà tó wọlé.